Iná Pupa Ẹ̀yìn Mọ́tò Ọdẹ́sànyà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ará ilé yìí, kí n má bàa máa lọgun bí ẹni tó ń lé ọ̀bọ lóko àgbàdo. Ẹni tó ń bó ẹ̀pà kí ó máa bó o jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ pé òun yóò máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, kí ó yáa máa lọ sílé báyìí, nítorí inú ti ń bí mi láti àárọ̀, ìtàn tí mo sì fẹ́ sọ yìí, ìtàn ìbínú ni.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi ni mo dojú kọ ẹfọ̀n tó lé àwọn ọdẹ yòókù gun igi, tí mo tẹjú mọ́ ọn títí ojú fi tì í, tí ó sì padà sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́sànyà ni, ọ̀rẹ́ mi, ọdẹ tí a jọ ń fi ìbọn kọ́ igi kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Níbi tó ti purọ́, Ìyá Ẹfúnyẹlá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ lọ, bá mi tún un ṣe. Nítorí náà, ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí ti gba inú asẹ́ kọjá.

Ọdẹ́sànyà ní ìyàwó kan tó ń jẹ́ Mojíbádé, ọmọ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú Agbẹ́gilére, ìlú tó wà ní òdìkejì Igbó Máwẹ̀yìn. Nígbà tí obìnrin yìí bí àkọ́bí wọn sílé bàbá rẹ̀, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, wọ́n retí ọkọ títí, wọn kò rí i. Ìgalà kan ló ń lé kiri inú igbó. Bàbá Ọnàfowókàn, àna rẹ̀, bá fi orúkọ ilé tirẹ̀ sọ ọmọ náà, ó pè é ní Ọnàdípẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé gbẹ́nàgbẹ́nà ní í jẹ́ Ọnà, ilé ọdẹ ní í jẹ́ Ọdẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ń gbé, igi ló ń gbẹ́, bí ó bá sì rí Ọdẹ́sànyà, yóò kí i bí ẹni ń kí àlejò, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Mojíbádé bí èkejì, ó sì ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gùn. Ó ní, "Bí oòrùn bá kan àtàrí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tí n kò rí ọ, ilé bàbá mi ni èmi àti ọmọ yìí yóò máa gbé." Ọ̀rọ̀ náà gún Ọdẹ́sànyà lọ́kàn. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gan-an ni, kò kàn mọ bí a ti ń fi ẹnu sọ irú rẹ̀ ni. Ó búra pé bí ilẹ̀ bá ya, òun yóò fò ó, òun yóò sì débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìdájí ọjọ́ náà, ó gbé mọ́tò tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un jáde, ó kó oyin, iyọ̀, orógbó àti ataare sínú igbá, Ìyá Ẹfúnyẹlá sì jókòó sẹ́yìn. Òun ni àgbà ilé wọn, a kì í sì í sọ ọmọ ilé náà lórúkọ kí àgbà ilé má tọ́ oyin wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí obìnrin yìí jẹ́ fún yín. Bí aṣọ rẹ kò bá bá ọ mu, yóò sọ fún ọ lójú agbo. Kò purọ́ rí láyé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ọ̀rẹ́.

Kí wọ́n tó dé ẹnu igbó, táyà gun gbòǹgbò kan, nǹkan sì ró kọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ Ọdẹ́sànyà. Kò kà á sí. Wọ́n dé ẹnu ibodè, iwin kúkúrú kan tí etí rẹ̀ ń gbálẹ̀ na ọ̀pá dá wọn dúró.

"Ọdẹ," ni iwin náà wí, "òfin kan ṣoṣo ni igbó yìí ní. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí yóò fi jáde. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn yóò di kùkùté. Àwọn kùkùté tí ò ń wò yẹn, wọ́n ń gbọ́ ohun tí mo ń sọ."

"Mo ti gbọ́," ni Ọdẹ́sànyà wí. "Yẹra lọ́nà, mo ń kánjú."

"Ohun mìíràn tún wà. Ẹ̀yìn rẹ ń pọ́n."

Ọdẹ́sànyà kà á sí èébú. "Ẹ̀yìn bàbá rẹ ló ń pọ́n," ni ó fi dá a lóhùn.

Ìyá Ẹfúnyẹlá tẹ ọwọ́ mọ́ ọn léjìká. "Iná bíréèkì rẹ ni ó ń sọ. Láti ìgbà tí a ti gun gbòǹgbò yẹn ni mo ti ń wẹ̀yìn wò tí mo ń rí i tí ilẹ̀ ń pọ́n, ìwọ kò sì tẹ bíréèkì. Jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ kí n bá ọ wo ẹ̀yìn kí a tó wọ inú igbó tí a kò ti ní lè wẹ̀yìn mọ́."

Ẹ dúró níbí. Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi í wò ó. Òfin kan wà láàrin àwa ọdẹ, tí ẹ̀yin ará ilé kò mọ̀. Ọdẹ tó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun wo ẹ̀yìn lójú ìrìn, ó ti fi onítọ̀hún ṣe ọ̀gá. Láti ọjọ́ náà lọ, onítọ̀hún ni yóò máa ṣáájú rẹ̀ bu ẹran, òun ni yóò máa ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọrùn fi ń dun gbogbo wa lágbà. N kò sọ pé òfin náà bọ́gbọ́n mu. Òfin ni mo ní ó jẹ́.

Ọdẹ́sànyà ro ó wò: Ìyá Ẹfúnyẹlá, tí ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ tó báyìí, kó tún wá di ọ̀gá òun. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Iná ẹ̀yìn kò dá mọ́tò dúró rí." Ó sì tẹná mọ́ ọn, wọ́n wọ inú igbó.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn, gbì, gbì, gbì. Bí Ọdẹ́sànyà bá yára, ẹsẹ̀ náà a yára. Bí ó bá rọra, ẹsẹ̀ a rọra. Kò sì lè bojú wẹ̀yìn. Ó ti dojú kọ ẹkùn rí, ó ti dojú kọ ejò, ṣùgbọ́n ohun tí a kò lè dojú kọ, kí ni a fẹ́ ṣe sí i? Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó dá mọ́tò dúró, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ni ọ̀wọ́ àwọn iwin kan bá ya síwájú rẹ̀, gbogbo wọn gbé ẹrù lórí, òógùn bò wọ́n. Olórí wọn ní irùngbọ̀n ìtàkùn tó ń wọ́ nílẹ̀ tuurutu.

Ó ní, "Nínú igbó wa, ẹni tó bá tan pupa sẹ́yìn ti sọ pé òun fẹ́ dúró. Ọmọlúàbí ni wá, a kì í kọjá lára ẹni tó ti sọ pé òun fẹ́ dúró, a máa ń dúró dè é kí a kí i. Láti ẹnu ibodè ni o ti ń sọ pé o fẹ́ dúró, o kò dúró. Ọjà tí à ń lọ ti tú. Òpùrọ́ ni ọ́."

"Èmi kò sọ nǹkan kan."

"Ẹ̀yìn rẹ sọ ọ́."

Ẹ gbọ́ ìyà. A ń fi ẹ̀sùn kan ènìyàn lórí ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ sọ. Ọdẹ́sànyà janpata títí ètè rẹ̀ gbẹ. Onírùngbọ̀n-ìtàkùn kò tilẹ̀ mira. Ó ní àlọ́ kan ni àwọn fi ń dán òpùrọ́ wò, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, yóò di kùkùté bí àwọn yòókù. Ó pa àlọ́ náà pé, "Kí ni a fara mọ́ tó dákẹ́, tí a yẹra fún tó figbe ta?"

"Ìbọn ni," ni Ọdẹ́sànyà wí.

"Kì í ṣe ìbọn."

"Ajá ọdẹ."

"Kì í ṣe ajá."

Ìyá Ẹfúnyẹlá wúkọ́ lẹ́yìn. "Ọdẹ́sànyà, jẹ́ kí n…"

"Ìyá, ẹ má dá sí i. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni." Ó tún gbìyànjú, ó ní akọ ẹṣin ni, ó ní gbèsè ni, àwọn iwin kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń fi ṣíbí bu omi kúrò nínú odò. Nígbà tí wọ́n yẹra fún un, oòrùn ti ga ju orí igi lọ.

Inú bí i dé góńgó orí. Ó ní iná yìí ni òun yóò kọ́kọ́ pa. Ẹ sì rántí pé kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn, nítorí náà ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló ń rìn lọ sí ìdí mọ́tò, ọdẹ gbàǹgbà-gbangba, ó ń fi ìdí ṣíwájú bí akàn. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, bó bá jẹ́ ìwọ ni, wàá ti di kùkùté. Ó bu amọ̀, ó rẹ́ ẹ mọ́ iná náà, ooru iná gbẹ amọ̀, amọ̀ já bọ́. Ó bọ́ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, dì í, gbérí bẹ̀rẹ̀ sí rùn bí ìyẹ́ adìyẹ tí a ń wi lórí iná. Ó fi èkù àdá lu gílóòbù rẹ̀ kí ó lè fọ́, èkù àdá ló fọ́. Nínú igbó yẹn, kò sí ohun pupa tí agbára ń pa.

"Ẹni tí orí ń fọ́ ló ń fi oògùn pa lẹ́sẹ̀ yìí," ni Ìyá Ẹfúnyẹlá wí láti inú mọ́tò, láì yíjú.

"Ìyá, ọdẹ ni mí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn ni ọgbẹ́ wà."

"Ṣé mọ́tò náà jẹ́ ẹran ni?"

Ọdẹ́sànyà wọ mọ́tò padà, wọ́n sì ń bá ìrìn lọ, pupa ń ràn lẹ́yìn wọn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n já sí Ìlú Ẹkún, ìlú kan tó wà láàrin igbó náà. Ní ìlú yẹn, pupa lẹ́yìn ni àmì pé òkú ni wọ́n ń gbé bọ̀ wálé. Bí wọ́n ti rí mọ́tò Ọdẹ́sànyà tó gba àárín ìlú kọjá, gbogbo ìlú ṣú jáde, wọ́n dí ọ̀nà níwájú, wọ́n dí i lẹ́yìn, wọ́n sì bú sẹ́kún. Ó di dandan kó dúró, kó sì tún pa mọ́tò. Obìnrin kan tí omijé ti gbẹ́ ojú ọ̀nà méjì sí lẹ́rẹ̀kẹ́ wá síwájú, aṣọ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kú?" ni ó bèèrè.

"Ẹnikẹ́ni kò kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òkú máa ń wí." Ó tẹ́ aṣọ funfun náà lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kì í bí òkú. Ó ní, "Ó lọ o, ọkùnrin rere, ẹni tí kì í gbàgbé aya sílé."

"Ó máa ń gbàgbé," ni Ìyá Ẹfúnyẹlá wí.

"Ẹni tí kì í purọ́ fún àna."

"Ó purọ́ fún wọn nígbà kan."

"Ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ jó."

"Kò gbé ọmọ kankan rí."

Ọdẹ́sànyà ká aṣọ náà sọnù, ó lọgun pé, "Ìyá, ìhà tèmi ni ẹ wà àbí tiwọn?"

"Ìhà òótọ́ ni mo wà. Sọ fún wọn pé o kò kú, kí a máa lọ."

Ó sọ ọ́, ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ há. Bí ó bá ti sọ ọ́ ni wọ́n ń sunkún kíkankíkan sí i pé òkú yìí kò mọ̀ pé òun ti kú. Nígbà tó wá ṣíná mọ́tò kó lè sá lọ, mọ́tò kò dáhùn. Iná ẹ̀yìn yẹn, tí kò sinmi láti ìdájí, ti fa agbára bátìrì mu bí eégbọn. Kí ló kù tí ọkùnrin náà fẹ́ ṣe? Ó dùbúlẹ̀ sórí sítíárì, ó dijú, ó sì gbà pé òun kú. Inú ìlú dùn. Wọ́n fi orin arò ti mọ́tò náà dé ìpẹ̀kun ìlú bí ẹni gbé pósí, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti gbà. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò rí ìyà tó tó kí inú máa bí ènìyàn, kó sì jẹ́ pé òkú kì í bínú.

Wọ́n gun òkè kan. Nígbà tí wọ́n dé ṣóńṣó rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì kú. Ọdẹ́sànyà wo òkè, oòrùn kù díẹ̀ kó kan àtàrí. Ó jáde, ó jókòó sílẹ̀, ó sì di orí mú. Ojú rẹ̀ rin. Ó sọ fún mi pé ìbínú ni. Ìyá Ẹfúnyẹlá ní ẹkún ni.

"Wọ́n ti ń tẹ́ ẹní báyìí," ni ó ń sọ. "Wọ́n ti ń wojú ọ̀nà. Bàbá Ọnàfowókàn ti ń tún ọ̀fun ṣe. Ìyá, Ọnà ni wọn yóò tún sọ èyí náà. Mojíbádé kò ní padà wá mọ́."

Ìyá Ẹfúnyẹlá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí, àbí ọ̀rọ̀ ọkùnrin ṣì ni?"

Ọdẹ́sànyà nu ojú rẹ̀.

"Ọmọ ọwọ́ ni àlọ́ yẹn. Gbé e mọ́ àyà, a dákẹ́. Tẹ́ ẹ sórí ẹní kí o yẹra, a figbe ta. Obìnrin tó bímọ ẹyọ kan mọ̀ ọ́n. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n nítorí pé o kò gbé Ọnàdípẹ̀ rí lọ́jọ́ ayé rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ṣùgbọ́n bó ti ń dùn ún, nǹkan kan là nínú orí rẹ̀. Ìró tó gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi gbòǹgbò yẹn, kí ni? Kí ló wà níbẹ̀ tí nǹkan yẹ kó máa fara mọ́, tí ó ti wá yẹra? Ó dìde, ó ki orí bọ abẹ́ sítíárì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè lórí àga. Ó rí i níbẹ̀, swíìṣì iná bíréèkì, nǹkan kékeré tó yọ ahọ́n. Bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí bíréèkì, apá bíréèkì a fara mọ́ ahọ́n náà, iná a dákẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ bíréèkì, apá náà a yẹra, iná a ké jáde pupa. Nọ́ọ̀tì tó di swíìṣì mú ti tú, swíìṣì ti sún sẹ́yìn, ahọ́n rẹ̀ yọ sóde, kò sì sí ohun tó fara mọ́ ọn. Àtàárọ̀ ló ti ń ké. Ẹ̀yìn ni igbe ti ń jáde, iwájú ni ọgbẹ́ wà.

Ẹ rò pé ó parí? Ẹ ò mọ ìyà. Ó fi ọwọ́ yí swíìṣì síwájú, ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ sítíárì yóò ṣe rí iná tó wà ní ìdí mọ́tò? Bí ó bá yí i tó bá fẹ̀yìn rìn lọ wò ó, yóò ti gbàgbé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Àfi kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn kó máa sọ fún un. Òfin ọdẹ sì dìde níwájú rẹ̀ bí ògiri.

Iwin kan ń kọjá lọ, olórí méjì, ó ní òun yóò bá a wò ó. Ọdẹ́sànyà yọ̀. Ó rò ó pé iwin kì í ṣe ènìyàn, kò lè ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Iwin dúró sí ìdí mọ́tò, Ọdẹ́sànyà yí swíìṣì.

"Ó ti kú," ni orí kìíní wí.

"Irọ́ ni, ó ń tàn," ni orí kejì wí.

Ó yí i síwájú. "Ó ń tàn." "Ó ti kú." Ó yí i sẹ́yìn. "Ó tàn díẹ̀." "Kò tilẹ̀ sí iná níbẹ̀." Èèrà ń bu Ọdẹ́sànyà jẹ ní ìbàdí, òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, ìka rẹ̀ ti bó. Ó yí i títí kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn mọ́. Nígbà tó yá, orí kìíní bu orí kejì jẹ létí, ìjà sì gbé iwin náà wọ inú igbó lọ.

Oòrùn kan àtàrí, ó sì rọra yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọdẹ́sànyà rí òjìji igi tó yí padà.

"Ìyá," ni ó pè.

"Mo ń gbọ́."

Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí, mo ti gbé àgbọ̀nrín odidi léjìká láti oko dé ilé, n kò rò pé mo lè gbé ohun tí ọkùnrin náà gbé lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

"Ẹ jọ̀wọ́," ni ó wí, "ẹ bá mi wo ẹ̀yìn."

Ìyá Ẹfúnyẹlá kò dá a lápàárá. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lọ sí ìdí mọ́tò, ó kọjú sí iná náà. Ó ní, "Yí i. Ó ń tàn. Ó ṣì ń tàn. Ó ti kú."

"Ó ti tán," ni Ọdẹ́sànyà wí.

"Kò tíì tán. Fi ọwọ́ tẹ bíréèkì kí n rí i."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Kò tàn."

"Ẹ wò ó dáadáa, Ìyá."

"Mo ní kò tàn. Ojú mi kò fọ́. O ti tì í wọ̀ jù, ahọ́n rẹ̀ kò rí àyè yọ mọ́. Ṣé o fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa gorí wa ni? Dá a padà díẹ̀."

Ó kùn sínú, ó dá a padà. Iná tàn kó tó tẹ bíréèkì. Ó tún tì í síwájú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bá bà lé ẹpọ̀n, ìgbà yẹn ló sì yé e ìdí rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Ó fi sílẹ̀, ó kú. Ó mú sípánà kó di nọ́ọ̀tì pa, nọ́ọ̀tì ń yí, ó sì ń fa swíìṣì lọ́wọ́.

"Ó tún ti ń tàn," ni Ìyá wí.

Ọdẹ́sànyà sọ ohun kan tí n kò lè sọ níbí nítorí àwọn ọmọdé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ọwọ́ kan di swíìṣì mú pinpin, ó fi èkejì di nọ́ọ̀tì.

"Tẹ̀ ẹ́. Ó tàn. Fi sílẹ̀. Ó kú. Tún un tẹ̀. Ó tàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Dìde."

Ó jẹ́ kí mọ́tò náà yí gẹ̀rẹ́ láti orí òkè, ẹ́ńjìnnì sì gbà lójú ọ̀nà. Ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, Onírùngbọ̀n-ìtàkùn àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń dúró. Ọdẹ́sànyà tẹ bíréèkì, iná tàn, ó sì dúró bó ti sọ. Ó kí wọn. Ó ní, "Ọmọ ọwọ́ ni."

"Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

Ó lè purọ́. Ó ní, "Ìyá tó wà lẹ́yìn mi ni. Ọ̀gá mi ni." Àwọn iwin yẹra lọ́nà.

Bí wọ́n ti wọ Agbẹ́gilére, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ti ká ẹní, wọ́n ń fọ abọ́, adìyẹ ń ṣa ìrẹsì nílẹ̀. Bàbá Ọnàfowókàn jókòó sórí àpótí, kò dìde. Ọdẹ́sànyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀," ni bàbá náà wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mojíbádé jáde, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ lórí ilẹ̀ níbẹ̀, erùpẹ̀ àti òógùn lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti dé."

"Mojíbádé, igbó ni. Àwọn iwin dá wa dúró…"

"Nígbà kan, ìgalà ni," ni Mojíbádé wí. "Lónìí, iwin ni."

Ọdẹ́sànyà yíjú sí Ìyá Ẹfúnyẹlá, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ìyá fara ti ọ̀pá rẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," ni ó wí. "Àwọn iwin dá wa dúró. Ṣùgbọ́n ní ẹnu ibodè ni mo ti ní kó jẹ́ kí n bá òun wo ẹ̀yìn, ó kọ̀. Ká ní ó gbà ni, à bá ti débí kí wọ́n tó tẹ́ ẹní."

Àwọn tó ń fọ abọ́ dáwọ́ dúró. Ọdẹ́sànyà gbé orí sílẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo fà á. Kì í ṣe iwin." Kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wá bèèrè pẹ̀lú ohùn tí kò tó ti ọmọdé pé, "Kí ni wọ́n sọ ọ́?"

Bàbá Ọnàfowókàn fi àgbọ̀n júwe ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Bi òun. Oòrùn kan àtàrí, mo la ẹnu kí n pe orúkọ, ó fi ọwọ́ dí ẹnu mi lójú gbogbo àlejò."

"Ọdẹ́kúnlé," ni Mojíbádé wí. "Èmi ni mo pè é."

Ọdẹ́sànyà gbé ojú sókè wò ó. "Kí ló dé? N kò ṣáà wá."

"O kò wá," ni Mojíbádé wí. "Mo sì fẹ́ kí ọdẹ kan wà nílé." Ó tún ọmọ náà gbé sí ejìká kejì. "Ẹrù mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti dì í láti àárọ̀. Dìde, kí o gbé e, kí a máa lọ sílé."

Ó dìde, ó sì gbé e. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi mí sílẹ̀. Ẹ bu omi wá kí n mu.